Fọ́tò ìràwọ̀ n'Ífẹ̀ àti Iléṣà: lẹ́ńsì tó fẹ̀ àbí tracker, èwo là á kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó ti ní kámẹ́rà àti tripod, tó wá fẹ́ máa ya ojú ọ̀run lóru, ohun méjì lọkàn rẹ̀ máa ń fà sí: lẹ́ńsì tó fẹ̀, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, bíi 14mm f/2.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó), àti tracker, ẹ̀rọ kékeré tó ń rọra yí kámẹ́rà tẹ̀lé ìràwọ̀. Bó bá jẹ́ Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lẹ ń gbé, lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

Tracker ò burú o. Bó bá dúró dáadáa, ẹ lè ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì láìsí ìràwọ̀ tó fà bí ìlà. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ọ̀run ń yí ká ní àríwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ Polaris. Ní London, Polaris ga tó nǹkan bíi dígírì 51. Lọ́dọ̀ tiwa kò ju bíi 7.5 lọ: ẹ na ọwọ́ gbọọrọ, ẹ to ìka mẹ́rin lé ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ibẹ̀ náà ló mọ. Òkè, igi kòkó àti kùrukùru ló ń bò ó. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè má fojú kàn án rárá. Kọ́ńpáàsì orí fóònù lẹ máa wá fi wá àríwá. Ìyẹn tó fún lẹ́ńsì tó fẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì 200mm tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ wa, ìràwọ̀ á gùn bí hóró ìrẹsì. Tracker mìíràn ò tiẹ̀ ní lè tẹ̀ sílẹ̀ tó dígírì 7, irin ìwúwo rẹ̀ á ti kọlu ẹsẹ̀ tripod. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò níwájú ẹni tó ń tà á, tòun ti kámẹ́rà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ti lẹ́ńsì, ẹ fi gígùn rẹ̀ (nọ́ńbà mm tí wọ́n kọ sí i lára) pín 500. Ohun tó bá jáde ni iye sẹ́kọ́ńdì tẹ́ ẹ ní kí ìràwọ̀ tó fà. Lórí kámẹ́rà APS-C (èyí tí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ kéré), ẹ kọ́kọ́ sọ gígùn náà di ìlọ́po 1.5. 14mm á fún yín ní bíi 24, lẹ́ńsì 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá á fún yín ní 18, 50mm ò sì ní pé 7. Ẹ tún dín in kù: àwọn ìràwọ̀ tó ń sáré jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orí wa gan-an ni wọ́n ń gbà kọjá. 15 ló dáa fún 14mm.

f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti f/3.5 lẹ́ńsì 18-55mm yẹn. 50mm f/1.8 gbà tó ìlọ́po mẹ́rin, owó rẹ̀ ò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ibi kékeré ló ń rí, ìràwọ̀ etí àwòrán á sì hu ìyẹ́ títí ẹ ó fi dín ẹnu rẹ̀ kù sí f/2.8. Bówó bá há, 18-55mm yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní ISO 3200 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó), kẹ́ ẹ yà á ní RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé iná fóònù sẹ́yìn lẹ́ńsì. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó ta bí okùn aláǹtakùn, olú ti hù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ dé ojú kámẹ́rà, ẹ ya fọ́tò méjì ní sẹ́kọ́ńdì 30, ISO 3200. Àmì pupa tàbí búlúù tó bá wà lójú kan náà nínú méjèèjì, kámẹ́rà ló ni ín. Díẹ̀ ò ṣe nǹkan.

Ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, láàárín aago 3 sí 5 òru, tí òṣùpá ò sí, ni àárín Milky Way, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó nà bí ìkùukùu lójú ọ̀run, máa ń ga ní gúúsù. Ọ̀nà Ifẹ̀wàrà tàbí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ṣókùnkùn ju àárín ìlú lọ (bí iná bá lọ, a jẹ èrè díẹ̀). Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ ṣáájú; ohun dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lóru, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìlà ∞ ara lẹ́ńsì (àmì ohun tó jìnnà jù lọ) kì í sábà pé, ẹ fi Àgùàlà tún un ṣe bó bá ti yọ, kẹ́ ẹ fẹ àwòrán orí síkíríìnì kámẹ́rà, kẹ́ ẹ wá máa yí òrùka lẹ́ńsì títí ìràwọ̀ náà á fi kéré jù lọ.

Ìrì tó ń bo ojú lẹ́ńsì ló máa ba àwòrán jẹ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bẹ́líìtì ìgbóná USB tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn lẹ́ńsì, pẹ̀lú power bank, kò wọ́n tó lẹ́ńsì tàbí tracker. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ lẹ́ńsì náà.