Ìrìn-Àjò Ìwádìí sí Lókójà: Ọkọ̀ Ojú Omi Dára, Ètò Ìletò Kò Tó

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Àbújá tí í ṣètò ìrìn-àjò ìwádìí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ìyìn nìkan ni mo ní láti sọ. Ní oṣù Kejì ni ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Kúbwà pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lókójà, tí ọmọ méjìlá ti ọ̀dọ̀ wa wá, tí méjìlá sì ti ọ̀dọ̀ tiwọn wá, kí wọ́n lè jọ ṣe ìwádìí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé àti àwọn ìletò tó wà létí omi. Èmi tí mo ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì ni mo bá wọn lọ. Owó ọmọ kan jẹ́ ₦28,000, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú omi, oúnjẹ ọ̀sán, amọ̀nà àti irinṣẹ́ tí a ó fi wọn omi sì wà nínú rẹ̀.

Láti orí ìwé ìpolówó ni nǹkan ti kọ́kọ́ wọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó rí ibi tí odò ti ń wọ òkun. Lókójà kọ́ nìyẹn. Láti Lókójà, odò náà ṣì ní ọ̀nà tó ju 400 kìlómítà lọ láti rìn kí ó tó dé òkun, ó sì máa ń pín sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, bíi Nun àti Forcados, tí wọ́n ń já sínú òkun níbi tí omi iyọ̀ máa ń gòkè wọnú odò nígbà tí òkun bá kún. Mo fi ẹ̀rín gbà á, àfi ìgbà tí a ṣí àpótí irinṣẹ́, tí a bá irinṣẹ́ ìwọn iyọ̀ mẹ́fà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ẹyọ kan péré ni ohun tí a nílò jù, ìyẹn àwo funfun-dúdú tí a máa ń so mọ́ okùn láti fi mọ bí omi ṣe mọ́ sí. Ẹni tó di ẹrù náà kò tíì dé Lókójà rí.

A gbéra ní agogo mẹ́fà àárọ̀, a gba Gwágwáládà àti Àbájì kọjá. Kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ nípa bọ́ọ̀sì náà, ó kàn gbé wa débẹ̀ ni.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo gbọ́dọ̀ yìn. Gbogbo ọmọ ló ní ẹ̀wù tí í gbé ni léfòó, awakọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn ará agbègbè Lókójà tí èdè wọn jọ Yorùbá, kò sì tan ẹ́ńjìnnì títí tó fi yẹ ìdè ẹ̀wù ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò sínú ọkọ̀ lórí odò yẹn yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn ọmọ wa tó gbọ́ Yorùbá nílé ń lóye ohun tí bàbá náà ń sọ dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń ní kí ó tún un sọ nígbà mìíràn. Ó gbé wa dé ojú ibi tí omi méjèèjì ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí aṣọ aláwọ̀ méjì tí a rán pọ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnnì kí àwọn ọmọ lè sọ àwo sínú omi. Ó sọ fún wọn pé omi Ọya máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, pé ti òjò ni ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó máa ń dé lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń mọ́. Èmi ni mo fi kún un pé láti orí òkè ilẹ̀ Gínì ni omi kejì yẹn ti ń bọ̀, pé ó máa ń pẹ́ nínú àbàtà ńlá ilẹ̀ Málì, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ rẹ̀ ti máa ń sìlẹ̀. Amọ̀nà tí a sanwó fún kò fi nǹkan kan kún un.

Òun náà ló jẹ́ kí ìwọ̀n tí àwọn ọmọ ṣe bàjẹ́. Ẹgbẹ́ kan fi ojú sí oòrùn, èkejì dúró síbi òjìji ọkọ̀, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì jìnnà síra wọn. Ó yẹ kí ó ti sọ fún wọn pé ẹnì kan náà ni kí ó máa wo àwo náà, kí ó sì máa dúró síbi òjìji nígbà gbogbo.

Ìletò ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Wọ́n fún wa ní ogójì ìṣẹ́jú péré níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta la lò lórí omi. Hausa nìkan ni ògbufọ̀ tí wọ́n mú wá gbọ́, Nupe sì ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ ń sọ. Ọmọbìnrin kan láti ilé-ẹ̀kọ́ Lókójà ló gbà wá sílẹ̀, ó jókòó ti àwọn ìyá náà, ó ń bá wọn yí ẹja padà bó ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ fún wa ni iye ọmọ tó wà nínú ilé. Ìyá àkọ́kọ́ dákẹ́, èkejì dìde. Ojú tì mí, nítorí pé èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni mo ka ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí n kò sì rí nǹkan kan tó burú nínú rẹ̀. A fa igi lé ìbéèrè yẹn, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹja.

Bàbá onílé kan fi ìlà méjì tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri rẹ̀ hàn wá, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ọdún 2012, èkejì jẹ́ ti 2022, ọdún tí ìkún omi pa ènìyàn tó ju 600 lọ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ti kàwé nípa dáàmù Lagdo tó wà lórí Odò Bẹ́núè ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n kọ́ parí ní 1982, àti nípa dáàmù Dasin Hausa ní Adamáwá tó yẹ kí a fi gba omi rẹ̀ dúró, tí a kò tíì rí kọ́ parí. Wọ́n ń da ìbéèrè bò ó nípa Lagdo. Ó gbọ́ tán, ó ní kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi òun bí òun ṣe rí owó tún ilé náà kọ́. Bí ọmọ kan ṣe ṣí ìwé rẹ̀ láti kọ ìdáhùn sílẹ̀ ni amọ̀nà fun fèrè pé àkókò ti tó.

Oúnjẹ ọ̀sán dùn, ẹja rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀.

Bí o bá jẹ́ olùkọ́ tó ń wá ibi tí yóò kó ọmọ lọ wo odò nìkan, ilé-iṣẹ́ yìí yóò ṣe é fún ọ láìséwu. Bí ìwádìí nípa àwọn ènìyàn bá wà nínú iṣẹ́ rẹ, béèrè ìdajì ọjọ́ fún ìletò kí o tó sanwó, jẹ́ kí wọ́n sọ èdè tí ògbufọ̀ wọn gbọ́, kí o sì kọ ìwé ìbéèrè rẹ fúnra rẹ. Ní tiwa, a ti bá bàbá awakọ̀ sọ̀rọ̀ tààrà, a ó padà lọ ní oṣù Kejìlá nígbà tí omi bá ti fà, ilé-ẹ̀kọ́ Lókójà ni yóò sì pèsè ògbufọ̀. Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n dá owó irinṣẹ́ ìwọn iyọ̀ padà fún wa. Wọn kò tíì fèsì.