Irúgbìn òdòdó tí mo rà fún ẹ̀yìnkùlé wa

Ní oṣù Ọ̀wàwà tó kọjá ni mo ra àpò irúgbìn òdòdó daffodil kan, 20 ló wà nínú rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n jọ àlùbọ́sà (májèlé sì ni wọ́n fún ẹni tó bá jẹ wọ́n, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò), a sì gbọ́dọ̀ rì wọ́n mọ́lẹ̀ ṣáájú ìgbà òtútù, nítorí òtútù yẹn ló ń múra wọn sílẹ̀ láti tanná. Méjì ti jẹrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí 18 yòókù tanná ní oṣù Ẹrẹ́nà, ńṣe ni mo dúró lẹ́yìnkùlé tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó pa wọ́n mọ́ nínú ilẹ̀ tútù. Èmi yóò tún rà á, àmọ́ n ó yẹ àpò wò kí n tó sanwó.