Lacock àbí Buckland?

Ọba Henry Kẹjọ ti ilé àwọn mọ́ńkì àti sísítà pa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tà wọ́n fún ọlọ́rọ̀. Ní Lacock, tó jẹ́ ilé àwọn sísítà, ọlọ́rọ̀ kan, William Sharington, wó ṣọ́ọ̀ṣì palẹ̀ lẹ́yìn 1540, ó wá kọ́ ilé tiẹ̀ lé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn sísítà lórí. Ti Buckland, tó jẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì, yàtọ̀ pátápátá: inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni ẹni tó ni ín, Richard Grenville, kó sí. Ó fi àjà pín in sókè-sódò, ó kọ ọdún 1576 sára ògiri gbọ̀ngàn. Òkúta ṣọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ bí ọrun ṣì yọ lára ògiri. (Èmi ò lè sùn níbẹ̀ o!) Francis Drake, gbajúmọ̀ atukọ̀ òkun, ló rà á lẹ́yìn náà. Lacock lèmi máa yàn: ọ̀dẹ̀dẹ̀ táwọn sísítà ń rìn ṣì wà níbẹ̀.