DocBook fún ìwé ìlànà: ó le, ṣùgbọ́n mi ò ní fi í sílẹ̀

Ìwé ìlànà ni mò ń kọ jẹun ní Yaba, fún àwọn tó ń ta ìnfátà àti bátìrì sólà. Ilé iṣẹ́ kan lè ní oríṣi ìnfátà mẹ́fà, kí ìkìlọ̀ kan náà sì wà nínú ìwé gbogbo wọn: ẹ má gbé bátìrì síbi tí atẹ́gùn kì í wọ̀. Bí ọ̀gá bá ní ká yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀, ẹni tó ń fi Word ṣiṣẹ́ á ṣí fáìlì mẹ́fà, á sì gbàgbé ọ̀kan. Nínú DocBook, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń kọ ìwé pẹ̀lú táàgì (àmì bíi <para> tó ń sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́), ìkìlọ̀ yẹn lè wà nínú fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. XInclude ló ń pè é wọ ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Torí èyí ni mo ṣe ń fara da wàhálà rẹ̀.

Wàhálà náà sì pọ̀ o. Láti 1991 ni DocBook ti wà, táàgì rẹ̀ sì ti lé ní 300. Ẹ má wò wọ́n tán. Book, chapter, title, para, procedure, step àti warning tó láti kọ odindi ìwé ìnfátà. Àmọ́ táàgì tí ẹ bá ṣí, ẹ tì í, torí ó le bí ìyálé tó ń ka ẹran inú ọbẹ̀: ọ̀kan péré tó bá sọnù, kò ní gba gbogbo ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí xmllint, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe táàgì, bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, á dárúkọ ìlà tó ti rí àṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí lẹ́tà Yorùbá. Apache FOP, ètò tó ń sọ ìwé náà di PDF, kò ní ẹ, ọ àti ṣ nínú fọ́ǹtì tó máa ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn fún un. # ló máa tẹ̀ rọ́pò wọn. Nínú “Ẹ ṣọ́ra”, “ra” nìkan lẹ ó rí kà, lórí ohun tó lè pa èèyàn! Ẹ kọ fọ́ǹtì tó mọ lẹ́tà wa, bíi Charis SIL, sínú fáìlì ètò FOP, kẹ́ ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú body.font.family, ibi tí à ń yan fọ́ǹtì ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ẹ má fo title.font.family, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àkọlé á ṣì kún fún #. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ ka PDF náà dáadáa. Wọn ò ní dá owó bébà padà.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì ń jẹ dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Fún lẹ́tà tàbí ìwé owó ọjà, àṣejù ni. Ẹni tí táàgì bá sú lè fi AsciiDoc, tó ń lo àmì kéékèèké dípò táàgì, kọ tirẹ̀, kí Asciidoctor wá sọ ọ́ di DocBook fún un.