Ẹ ṣọ́ra fún ejẹ́ńtì kan tó ń ta ilé ní agbègbè Kabba

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ábújá àti l'Ékòó tí ẹ ń wá ilé rà sílé. Ọkùnrin kan ń pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ńtì láàárín Kabba sí Ìyàrà. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọn ò tíì parí ló ń fi han ènìyàn, owó pọ́ọ́kú ló sì ń pè é. Díẹ̀ ló kù kí àbúrò mi kó owó fún un.

Ìwé C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, tó gbé jáde ló tú àṣírí rẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé wọ́n fọwọ́ sí i, àmọ́ orúkọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi ló wà lókè. Kogi wo ló wà lọ́dún 1987? Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Abẹ́ Kwárà la wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó tẹ ayédèrú yẹn ò tilẹ̀ bi bàbá rẹ̀ léèrè.

Nígbà tí a kò ó lójú, ó ní ilẹ̀ ẹbí ni, pé ẹ̀gbọ́n òun ló rán òun níṣẹ́. A wá olórí ẹbí lọ. Ẹnu ya bàbá. Ẹ gbọ́ o: ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ ẹbí kan dá tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá tà á láìsọ fún àwọn àgbà ẹ̀ka ìdílé, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Gbogbo wọn ni kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i.

Ti owó ló wá burú jù. Ejẹ́ńtì yìí á gba owó àyẹ̀wò, á gba owó fọ́ọ̀mù, á tún ní ó ku owó àgírímẹ́ǹtì àti "owó ìjọba", àkáǹtì ara rẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Lóòótọ́, owó ilé nìkan kọ́ lẹ máa san. Ti lọ́yà wà, ti sọ̀fíyọ̀ wà, ti ejẹ́ńtì wà, stamp duty, owó òǹtẹ̀ ìjọba lórí ìwé, náà wà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì ní ilẹ̀ tó ní C of O ò ṣeé gbé fún ẹlòmíì láìsí àṣẹ gómìnà, ìyẹn náà lówó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ríṣíìtì ìjọba ló ń tẹ̀lé owó ìjọba. Ẹ má gbàgbé gbèsè iná tó wà lórí mítà.

Lọ́yà tiyín ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ńtì náà bá júwe. Kó lọ yẹ fáìlì ilẹ̀ náà wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, kí sọ̀fíyọ̀ tó níwèé àṣẹ sì tún ilẹ̀ náà wọ̀n. Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ìyá alákàrà iwájú ilé yẹn ló sọ fún wa pé ẹlòmíì ti da yanrìn síbẹ̀, tó ní òun ti rà á.

Tí ejẹ́ńtì yìí bá ní ẹnì kan fẹ́ sanwó lọ́la, ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún san án. Ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ọ̀nà Mọ̀pà ni wọ́n ní ó wà báyìí.