Ìkìlọ̀ o: báàgì kámẹ́rà "oníyàrá méjì" tí wọ́n ń tà fún wa l'Ájàṣẹ́, páálí ló wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ya fọ́tò l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Sakété, ní Pobè, títí dé Kétu àti Ṣábẹ, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí báàgì kámẹ́rà. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó lórí WhatsApp àti Facebook. Báàgì àgbékọ́yìn oníyàrá méjì ló ń pe ọjà rẹ̀: ìsàlẹ̀ fún kámẹ́rà, òkè fún aṣọ àti ẹrù ara ẹni. Àwòrán tó ń gbé síta dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n báàgì inú àwòrán yẹn kọ́ ló ń fi ránṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó ń jẹ́ lónìí kọ́ ni yóò jẹ́ lọ́la, nọ́ńbà rẹ̀ náà sì ń yí padà. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Mẹ́ta nínú àwọn báàgì náà ti dé orí tábìlì mi. Ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan jẹ́ ti arábìnrin kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Ṣábẹ, ẹlẹ́gbẹ́ wa kan ló gbé ẹ̀kẹta wá láti Àjàrá. Ohun tí mo bá nínú ọ̀kan ni mo bá nínú méjì tó kù.

Pẹpẹ kan ló yẹ kó ya yàrá òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Nínú báàgì tó jẹ́ ojúlówó, pẹpẹ yẹn a máa nípọn, wọ́n á rán an mọ́ ara báàgì yíká, tàbí kí wọ́n fi sípù sí i kéèyàn lè ṣí i nígbà tó bá fẹ́ kí yàrá méjèèjì di ọ̀kan. Nínú ti ọkùnrin yìí, páálí tí wọ́n fi aṣọ dúdú wé ni. Mo fi abẹ́ la aṣọ náà létí. Ìwé ṣì wà lára páálí náà, àwòrán tòmátò pupa tí wọ́n gé sí méjì, ti páálí tí wọ́n fi ń kó tòmátò alágolo. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ báàgì, abẹ́rẹ́ kò kàn án rárá. Igun kan ti fa ọ̀rinrin, ó ti rọ̀, ó sì ti ń ṣí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí mo ṣe fi ìka kan tì í báyìí, ó wọlé.

Ọ̀rọ̀ yàrá òkè yìí ká mi lára gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ l'Ájàṣẹ́ tó sì ń sùn sílé rẹ̀ lè má nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ̀ pé òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, ìgbà tó bá di ọjọ́ kejì ni àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń jó lójú agbo. Ibẹ̀ lèèyàn ń mọ́jú sí. Ẹ ó mú ìpààrọ̀ aṣọ dání, ẹ ó mú aṣọ ìbora nítorí ìrì, ọṣẹ, pákò, ike omi, ṣájà, bóyá àkàrà tí ẹ rà lọ́nà. Ẹ ò lè gbé báàgì méjì lórí zémidjan (ọ̀kadà) láti Pobè. Nítorí náà, ẹni tó bá ta báàgì oníyàrá méjì fún irú wa, pẹpẹ àárín yẹn gan-an ló tà. Bí pẹpẹ bá já, omi àti ọṣẹ ti di ara kan náà pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi nìyẹn. Kó tó dé Kétu, pẹpẹ ti já, ike omi já lu lẹ́ǹsì 24-70 rẹ̀, ìdérí ike náà sì yọ. Ó nu ẹ̀yìn lẹ́ǹsì gbẹ lóòótọ́, àmọ́ omi ti wọ inú. Ẹ̀yin náà mọ bí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ṣe ní ọ̀rinrin tó. Lẹ́ǹsì tí omi bá wọ̀ tí wọn ò tètè tú a máa bu nínú, èbu náà a sì jẹ ojú gíláàsì. Bí wọ́n bá tiẹ̀ nù ún kúrò, àpá rẹ̀ lè má lọ mọ́. Báàgì 35,000 fránkì ló fẹ́ ba lẹ́ǹsì tí owó rẹ̀ pọ̀ jù báàgì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po jẹ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bó ṣe ń fà yín mọ́ra rèé. Bí ẹ bá bi í ní iye, á pe 45,000. Ẹ ó nájà, á sì yára gbà fún 35,000. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ pé ó ku méjì péré, ẹnì kan ti ń bọ̀ wá gbé e, kí ẹ fi 15,000 ránṣẹ́ lórí MoMo (owó orí fóònù) kí òun lè bá yín dì í mú. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ wá wò ó, tí ẹ bá wà l'Ájàṣẹ́, òun wà ní Kútọnu. Tí ẹ bá ní ẹ wà ní Kútọnu, òun ti kọjá sí Ouando l'Ájàṣẹ́. Ẹ wo orúkọ tó ń jáde lójú fóònù kí ẹ tó tẹ kóòdù MoMo yín: fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sọ yìí, orúkọ tó jáde kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́ lórí ìpolówó. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ẹ dúró.

Zémidjan ló ń fi ẹrù rán. Wọ́n á ti fi ọ̀rá dúdú wé e, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù dì í káàkiri. Ọmọkùnrin tó gbé e wá á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọ́n ní kí n gba owó tó kù kí ẹ tó tú u o." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an, kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá. Ẹ sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé ẹ ò ní sanwó ohun tí ẹ ò rí, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ rẹ̀, kó gbé e padà. Owó ọkọ̀ yẹn àti 15,000 tí ẹ ti fi ránṣẹ́ ni ẹ pàdánù, ó sàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ ni tiwọn tún burú jù, torí ọkọ̀ èrò ló ń fi ránṣẹ́ sí wọn, á sì ti gba gbogbo owó kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ẹ bá wá fẹ̀sùn kàn án, àmì ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa rí lórí WhatsApp: ó ti dí yín pa.

Ó tún ń kọ lítà 30 sára ìpolówó. Mo fi tééèpù aránṣọ wọn báàgì náà: gíga rẹ̀ 45 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 30, jíjìn rẹ̀ 15. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lára wọn, ẹ fi 1,000 pín in, lítà 20 àti díẹ̀ lẹ máa rí, ìta báàgì la sì wọ̀n yẹn. Fóòmù iwájú àti ti ẹ̀yìn gba sẹ̀ǹtímítà méjì méjì, ìyẹn ni pé jíjìn inú rẹ̀ kò ju 11 lọ. Kámẹ́rà Canon 5D Mark IV ga ní 11.6. Bí ẹ bá tì í wọlé, sípù kò ní pa dé, tàbí kó máa fún kámẹ́rà lọ́rùn títí ẹ ó fi délé. Ẹ máa bèèrè ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ oníbáàgì èyíkéyìí, ẹ sì ní kó ya fọ́tò tééèpù lára báàgì náà ránṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ má fojú kéré okùn èjìká. 5D Mark IV pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24-70 f/2.8 II àti 70-200 f/2.8 III ti lé ní kílò mẹ́ta. Ẹ fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wúwo ní kílò méjì kún un, ó ti kọjá kílò márùn-ún kí aṣọ kan tó wọlé. Ẹ wo ibi tí okùn ti wọ ara báàgì: ó yẹ kí ẹ rí ìrán onígun mẹ́rin tó ní àgbélébùú láàárín. Nínú ti ọkùnrin yìí, ìlà òwú kan ṣoṣo ni, ti ará Ṣábẹ sì ti ń tú.

Àwọn ògiri kéékèèké inú báàgì náà, ẹ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Fóòmù gidi a le díẹ̀, a sì padà sípò bí ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò; fóòmù tìmùtìmù a rọ̀ wọnú, ìka méjèèjì á sì pàdé ara wọn. Etí àwọn ògiri yẹn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara báàgì bí eèmọ́, tó jẹ́ pé ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹ bá ń ṣí i. Ẹ ṣí sípù, ẹ pa á dé, ní igun pàápàá, torí igun ni sípù burúkú ti máa ń há. Ẹ rí i pé fóòmù wà nísàlẹ̀ báàgì náà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ọkùnrin yìí sì ń lẹ orúkọ Lowepro, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe báàgì kámẹ́rà, mọ́ àwọn báàgì kan níwájú. Ilé iṣẹ́ yẹn ti wà láti ọdún 1967. Àmì tí mo fi èékánná hó kúrò kì í ṣe tiwọn.

Mi ò sọ pé báàgì olówó pọ́ọ́kú kò dára. Bí owó kò bá tó, èrò tèmi ni kí ẹ ra báàgì ẹ̀yìn lásán tó lágbára, kódà àlòkù, kí ẹ wá ra àpò onífóòmù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fún kámẹ́rà, kí ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Àpò yẹn ní ìdérí tirẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tó bá wà lókè kò lè já lu lẹ́ǹsì. Bí ẹ bá sì lọ síbi tí ẹ ò ti nílò kámẹ́rà, ẹ yọ ọ́ kúrò, báàgì yín ti di báàgì aṣọ. Èyí ni mo ti ní kí àbúrò mi ṣe. Ọjà Ouando la ti rí báàgì náà, ojú wa méjèèjì ló sì wà lára rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Bí ẹ bá rí àwòrán báàgì lórí fóònù, ẹ fi Google Lens wò ó. Àwòrán tí ọkùnrin yìí ń lò jáde lójú ẹsẹ̀ lórí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pè yín lórí fídíò, kó fi ike omi tó kún sí yàrá òkè, kó sì gbé báàgì náà gbọ̀n lójú yín. Oníṣòwò tó mọ ohun tó ń tà á ṣe é.

Mo ń kọ èyí nísinsìnyí nítorí pé ìpolówó rẹ̀ a máa pọ̀ bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ìyẹn àsìkò tí àwọn eégún ń jáde l'Ájàṣẹ́, àti ṣáájú ọdún Vodun inú oṣù Kìíní tí gbogbo wa ń rọ́ lọ sí Ouidah. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń wá báàgì kíákíá.

Ẹ̀yin tí ọkùnrin yìí ti gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Jìbìtì ni, òfin sì wà fún un: òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ti 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, mú ẹni tó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì lu èèyàn ní jìbìtì. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́. Ẹ tọ́jú àwòrán ìpolówó náà, nọ́ńbà, àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo tó ní orúkọ ẹni tó gba owó, àti báàgì náà pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ lè mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí kí ẹ fi tó CNIN létí, àwọn tó ń wádìí ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Arábìnrin Ṣábẹ àti àbúrò mi ti pinnu láti jọ fẹ̀sùn náà sùn pọ̀. Bí ó bá ti lu ẹ̀yin náà ní jìbìtì, ẹ kọ ìlú yín àti orúkọ MoMo tó jáde fún yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ká lè fi gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan náà.