Òrùka awò ìbọn méjì tí mo rà, àti ohun tí ojú mi rí

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú awò ìbọn mi, ìyẹn gíláàsì orí ìbọn tí a fi ń wo ohun tí a fẹ́ yìn, awò ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìbọn tí mò ń sọ kì í ṣe ṣakabùlà o. Ìbọn atẹ́gùn ni, ẹ́àgọ́ọ̀nù, èyí tí a máa ń ṣẹ́ ní ọrùn kó tó gba ọta. Oko àgbàdo wa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ni mo máa ń gbé e lọ, nítorí àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ ti sọ oko náà di ogún bàbá wọn. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ àwọn tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni.

Awò mi jẹ́ 3-9×40 (ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì jẹ́ 40 mm), ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan, ìyẹn 25.4 mm. N kò ṣahun nígbà tí mò ń rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan òrùka tí yóò dè é mọ́ orí ìbọn, mo ní irin ṣáà ni irin. Mo san ₦6,500 fún ọkùnrin kan ní Láfẹ́nwá, mo gbé e délé, mo rí i pé òrùka tó wà fún ọ̀pá 30 mm ló tà fún mi. Mo padà lọ bá a. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀, á mú un gírígírí."

Ọ̀dájú ló bí owó, ìtìjú ló bí gbèsè. Ojú ń tì mí láti gba owó mi padà, ni mo bá lọ gé tíúbù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó ní mítà 25 sí agolo tòmátì kan. Ọta márùn-ún, ìdérí ìgò mínírà bo gbogbo ihò wọn. Inú mi dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọta ti ń lọ sápá òsì, ó tó ìbú ọwọ́ kan. Mo yí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ awò, ó padà bọ̀ sípò. Lọ́jọ́ kejì ó tún ti lọ. Bàyìí ni a ṣe ń bá a yí, tí àwọn àparò ń jẹun wọn lọ.

Bàbá kan wà nínú agbo ilé wa tó ti ń ṣọdẹ kí wọ́n tó bí mi. Ó jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ kan, ó ń wò mí.

"Àkànní, ṣé ìbọn ló ń tàsé ni àbí ìwọ?"

"Bàbá, ẹ má bínú, awò yìí ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì."

"Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Kí ni awò ọ̀hún jókòó lé? Lọ mú pẹ́ńsù wá."

Ó ní kí n fa ìlà kan sára ọ̀pá awò níbi tí òrùka parí sí, kí n fa òmíràn sórí ìbọn lẹ́yìn ẹsẹ̀ òrùka gan-an. Mo yin ogún ọta. Nígbà tí mo wò ó, ìlà orí ìbọn ti wọ abẹ́ òrùka lọ, n kò rí i mọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ òrùka ti sún sẹ́yìn, ó tó mílímítà mẹ́ta. Ọ̀pá awò fúnra rẹ̀ ti yọ̀ díẹ̀ lórí tíúbù kẹ̀kẹ́. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa imú rẹ̀, ó wọlé.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìbọn atẹ́gùn onísípíríìnì bíi tèmi máa ń ta nípàá lẹ́ẹ̀mejì: sípíríìnì ló ń ti písítìn, irin tó ń ki atẹ́gùn nínú ìbọn. Bí písítìn ti ń sáré lọ síwájú, ìbọn á bì sẹ́yìn. Bí písítìn bá dé òpin, ìbọn á tún fò síwájú. Awò tó wúwo lórí rẹ̀ kò fẹ́ bá a fò, ni á bá máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìfò síwájú yìí náà ló máa ń ba inú awò tí wọn kò ṣe fún ìbọn atẹ́gùn jẹ́, kódà kó jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìbọn tó ń lo ẹ̀tù.

Òrùka kejì tí mo rà jẹ́ ₦28,000. Èkó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́, mo gbà á ní gáréèjì Kútọ̀. Kí n tó sanwó, mo kọ́kọ́ wo orí ìbọn mi. Ojú irin tó tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó fẹ̀ tó 11 mm, ló wà níbẹ̀. Ìbọn tí orí rẹ̀ ní ihò gbọọrọ tó tẹ̀ léra, èyí tí wọ́n ń pè ní Weaver tàbí Picatinny, òrùka tirẹ̀ yàtọ̀, kò lè mú ojú irin tèmi. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ayùn rẹ́ ẹsẹ̀ òrùka kó lè wọlé, ẹ sá fún un.

Gíga òrùka ló fún mi níṣẹ́ jù. Mo fi kálípà wọn ẹnu iwájú awò mi: 49 mm. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 24.5. Láti orí ìbọn dé àárín òrùka gbọ́dọ̀ ju 24.5 lọ, kí àyè bíi mílímítà méjì tàbí mẹ́ta ṣẹ́ kù, kí ẹnu awò má baà kan irin. Mo mú 28. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn kan ń wọn gíga dé àárín òrùka, àwọn mìíràn ń wọ̀n ọ́n dé ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀pá awò sùn lé. Fún ọ̀pá íǹṣì kan, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 12.7 mm! Gíga tí ilé iṣẹ́ kan ń pè ní kékeré, òmíràn ń pè é ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà. Bó bá sì ga jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kò ní fara ti ìdí ìbọn mọ́, ẹ ó máa na ọrùn bí ògòǹgò.

Òrùka méjèèjì tuntun yìí so pọ̀ lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, nọ́ọ̀tì mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lórí wọn, irin kékeré kan sì yọ nísàlẹ̀ tó wọnú ihò tó wà lẹ́yìn ojú irin ìbọn. Irin kékeré yẹn ló tó owó. Òun ni kò jẹ́ kó lè sún sẹ́yìn.

Mo fi spírítì nu òróró kúrò lára gbogbo rẹ̀. Mo so òkúta mọ́ okùn lórí igi máńgòrò, mo sì yí awò títí ìlà inú rẹ̀ fi bá okùn náà dọ́gba. Mo sún awò síwájú sẹ́yìn títí mo fi rí àwòrán tó kún láìsí òjìji dúdú létí, ojú mi jìnnà sí i tó íǹṣì mẹ́ta àbọ̀. Nọ́ọ̀tì òkè kò fẹ́ agbára: íǹṣì-páùn (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè nọ́ọ̀tì) 15 sí 18 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. N kò ní irinṣẹ́ tó ń wọn ìyẹn, ẹsẹ̀ kúkúrú kọ́kọ́rọ́ L ni mo fi ìka méjì mú, mo ń dè é ní ìkọjá, ọ̀tún lókè, òsì nísàlẹ̀, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Kọ́kọ́rọ́ L tí wọ́n fi sínú páálí rọ̀ bí ẹ̀bà, ó yí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kìíní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ orí nọ́ọ̀tì kan. Mo ra òmíràn. Òrùka náà tún wúwo. Ní ìrọ̀lẹ́, apá mi máa ń mọ̀ ọ́n.

Mo ti yin ọta tó ju 300 lọ báyìí. Ọta ṣì ń jókòó síbi tí mo tò ó sí ní mítà 25. Mo fa ìlà pẹ́ńsù tuntun lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dè é. Ó ti ń ṣá, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí gbogbo rẹ̀.